Páìpù epo mọ́tò: kí ló ń mú un jò, báwo la sì ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Bí mẹkáníìkì bá ní fuel line yín ń jò, ọ̀nà tí epo ń gbà láti táńkì dé ẹ́ńjìnnì ló ń sọ. Kì í ṣe páìpù kan ṣoṣo. Lábẹ́ ọkọ̀, irin ló máa ń jẹ́, tàbí náílọ́ọ̀nù líle. Ní ìdí táńkì àti lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, họ́ọ̀sì rọ́bà ló so ó pọ̀. Rọ́bà yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí ooru ẹ́ńjìnnì ń yan án títí tó fi gan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ká: bí ara rẹ̀ bá là wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ inú ọyẹ́, ó ti tó pààrọ̀. Ní ti irin, ibi tí kílíìpù ti gbá a mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń dógùn-ún, torí ẹrẹ̀ tó bá há síbẹ̀ kì í tètè gbẹ.

Préṣọ̀, ìyẹn agbára tí epo fi ń tì nínú páìpù, ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ àtijọ́ kì í sábà ju 4 sí 6 psi (ìwọ̀n préṣọ̀) lọ. Ti oní-injector, tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, lè tó 40 sí 60. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ tí wọ́n ń rẹ́ mọ́ táńkì tó ń kán kò fi lè ṣe nǹkan kan fún páìpù yìí. Bẹ́ ẹ bá dé Àgódi-Géètì n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀, ẹ ka àmì ara họ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó sanwó: SAE J30R7 wà fún kábúrétọ̀, J30R9 wà fún injector. Èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta á. Ẹ mú àjákù ti àtijọ́ dání kí ìwọ̀n má baà yàtọ̀. 5/16 ínǹṣì (8 mm) wọ́pọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀.

Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ yọ fíúsì páńpù epo, ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó lo epo tó kù títí tó fi máa kú fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tú négétíìfù bátìrì. Síbẹ̀, ẹ fi àkísà bo oríkèé náà bẹ́ ẹ ṣe ń tú u, torí díẹ̀ á ṣì tú jáde. Òórùn epo wúwo ju atẹ́gùn lọ, inú kòtò ló ń ṣàn sí. Bí wẹ́dà bá ń jó irin nínú ọgbà kan náà, kó dáwọ́ dúró ná.

Ẹ ti họ́ọ̀sì wọlé tó ínǹṣì kan, kí kílíìpù wà lẹ́yìn ibi tí ẹnu irin ti wú. Bẹ́ ẹ bá gé irin tó ti jẹrà kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ mú kí ẹnu tuntun náà wú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ préṣọ̀ á ti họ́ọ̀sì jáde. Kílíìpù eléyín tó ní ihò lára máa ń gé rọ́bà. Ẹ béèrè èyí tí inú rẹ̀ dán. Bàbà tí àwọn oní-AC ń lò kò dára níbẹ̀, gbígbọ̀n ọkọ̀ máa ń là á. Ẹ má sì jẹ́ kí họ́ọ̀sì sún mọ́ sáléńsà.

Ẹ dá fíúsì àti bátìrì padà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì, kí páńpù ró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ fi tíṣù funfun nu oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbẹ, ẹ sítáàtì, kẹ́ ẹ máa wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù tó ń wọ ara rẹ̀ ní "kà!" lẹ ní, tí òórùn sì padà wá, òrùka rọ́bà kékeré inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.