Bí ncu ṣe ń tún package.json ṣe, àti ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ

Iṣẹ́ JavaScript tó bá ń lo npm, irinṣẹ́ tó ń gbé package (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ) wọlé, máa ń ní fáìlì kan tó ń jẹ́ package.json. Inú rẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà wà, pẹ̀lú àwọn package tó gbára lé àti ẹ̀dà tó fẹ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó dà bí ìwé pélébé tí ìyá kọ fún ọmọ tó rán lọ sí ọjà Kabba: orúkọ ọjà ló wà níbẹ̀, ọjà gan-an kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá tún ìwé náà kọ kò tíì ra nǹkan kan.

Irinṣẹ́ tó ń tún ìwé náà kọ ni npm-check-updates, tí wọ́n ń pè ní ncu. Tí wọ́n bá tẹ npx npm-check-updates nínú fódà iṣẹ́ náà (npx ni àṣẹ tó ń gbé irinṣẹ́ wọlé, tó sì ń lò ó lójú ẹsẹ̀), yóò ka package.json, yóò sì béèrè lọ́wọ́ registry.npmjs.org, ibi tí npm ń kó àwọn package sí, pé èwo ni ẹ̀dà tuntun jù fún package kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò to ti àtijọ́ àti ti tuntun sójú terminal, ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí. Àwọ̀ pupa ni fún ìyípadà ńlá àti fún gbogbo ẹ̀dà tí 0 bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ewé sì ni fún àtúnṣe kékeré. Títí di ibí yìí, kò tíì fọwọ́ kan fáìlì kankan.

Èyí wúlò gan-an fún ẹni tó ń kọ kóòdù ní Ìsánlú tàbí Mopa, tó jẹ́ pé fóònù ló fi ń fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn nípa package ni ncu ń gbà wá, kì í ṣe package fúnra rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ ni npx sábà máa ń gbé ncu wọlé. Tó bá ti wọlé, dátà tí àyẹ̀wò ń jẹ sábà máa ń kéré sí ti npm install, àṣẹ tó ń gbé àwọn package gan-an wọlé. Èèyàn lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò lónìí, kó dúró di ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá já gaara kó tó gbé ẹrù wá.

Tí wọ́n bá fi -u kún àṣẹ náà, ìgbà yẹn ló máa kọ nọ́ńbà tuntun sínú fáìlì. Àmì iwájú nọ́ńbà kì í yí: "^1.4.2" lè di "^2.0.1". Ó yẹ kéèyàn dúró díẹ̀ níbí. Ohun tí ^1.4.2 ń sọ fún npm ni pé kó gba ẹ̀dà yòówù láti 1.4.2 lọ sókè, ṣùgbọ́n kó má dé 2.0.0. ~1.4.2 le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ dé 1.5.0. Tí odo bá sì ṣáájú, bíi ^0.4.2, kò gbọdọ̀ dé 0.5.0. npm update, àṣẹ npm tó ń gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, máa ń bọ̀wọ̀ fún ààlà yìí, ncu sì máa ń fò ó kọjá, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún nìyẹn. Tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀dà bá yí, àmì ni pé kóòdù àtijọ́ lè má bá a ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ewu yẹn kó lo -u --target minor.

Ní ìlò tí a ṣàlàyé yìí, iṣẹ́ ncu parí síbẹ̀. Kò fọwọ́ kan node_modules, fódà tí àwọn package tí wọ́n gbé wọlé wà, kò sì fọwọ́ kan package-lock.json, fáìlì tó ń tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n gbé wọlé gan-an. npm install ló ń ṣe ìyẹn. Ẹni tó bá gbé package.json tuntun ránṣẹ́ láìṣe npm install yóò rí i pé npm ci, àṣẹ tó ń gbé package wọlé bí package-lock.json ṣe sọ gan-an, kọ̀ jálẹ̀ lórí sáfà, torí àwọn fáìlì méjèèjì kò bá ara wọn mu mọ́.

Fún apá yòókù nínú package.json, npm ní àṣẹ tirẹ̀, bíi npm pkg set scripts.test="node --test". Ó sàn ju kéèyàn fi ọwọ́ kọ ọ́ lọ, nítorí kọ́mà kan ṣoṣo tó ṣì wà níparí lè ba JSON, ìlànà tí wọ́n fi kọ fáìlì náà, jẹ́.

ncu tún ní --doctor, tí wọ́n ń lò pẹ̀lú -u. Yóò gbé gbogbo ẹ̀dà tuntun wọlé, yóò sì ṣe àwọn ìdánwò iṣẹ́ náà. Tí àwọn ìdánwò náà bá kùnà, yóò padà sẹ́yìn, yóò máa gbé àwọn ẹ̀dà náà wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tó ń ba nǹkan jẹ́. Ó ń jẹ dátà púpọ̀, ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dúró déédéé ló yẹ kí wọ́n ti lò ó.