Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fa ọmọ tuntun lápá fà á lẹ́sẹ̀ kí egungun ẹ̀ tó le

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, màmá tó wá bá wa wẹ̀ ẹ́ jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ojúgun wọn, wọ́n fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ìyẹn dáa. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá fa apá ọ̀tún kọjá sẹ́yìn, wọ́n fa tòsì, wọ́n di ẹsẹ̀ méjèèjì mú wọ́n sorí ọmọ kodò, wọ́n gbá orí ẹ̀ mú wọ́n fi gbé e sókè kí ọrùn ẹ̀ lè yọ, wọ́n sì tún jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó má bàa máa bẹ̀rù. Ọmọ ké títí ohùn ẹ̀ fi há, ó wá sùn lọ fọnfọn. Màmá ní, "Ṣó o rí i? Ara ti tù ú." Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹkún ló ti rẹ ọmọ mi tó fi sùn.

Ohun tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé ọmọ tí wọn ò bá fà dáadáa, egungun ẹ̀ á rọ, kò ní tètè rìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tuntun ká apá ká ẹsẹ̀ torí bó ṣe ká jọ nínú ikùn nìyẹn fún oṣù mélòó kan, díẹ̀díẹ̀ ló máa nà án fúnra ẹ̀. Oúnjẹ àti oòrùn ló ń mú egungun le. Ní Jos, wọ́n ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ti wọ́, àbájáde ẹ̀ jáde ní 1999, kálísíọ̀mù (èròjà tó ń mú egungun le, irú èyí tó wà nínú edé àti eegun ẹja) tí wọ́n fún wọn gan-an ló wo egungun wọn. Torí náà fún ọmọ lọ́mú, tó bá wá ń jẹun, lọ edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tòun teegun sínú oúnjẹ ẹ̀.

Ti ọrùn ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Orí ọmọ tuntun wúwo, ọrùn ẹ̀ ò sì lè gbé e dúró dáadáa títí á fi tó bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí wọ́n bá ń jù ú tàbí tí wọ́n ń mì ín jìgìjìgì, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké lè já nínú ọpọlọ. Àwùjẹ̀ iwájú orí náà, ó sábà máa ń tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kó tó dí, ẹ má fi táwẹ̀lì gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì fọwọ́ fún ọmú àyà ọmọ, ì báà ṣọkùnrin ì báà ṣobìnrin, tẹ́ ẹ bá rí i tó wú tó ń ṣomi funfun, ara ìyá ẹ̀ ló ti wá, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan á lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fún un ó lè di eéwo.

Ká wá fọwọ́ pẹ̀lẹ́ pa ọmọ lára, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ní 1986, ní Miami, wọ́n fọwọ́ ra àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé lára, ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, ìwọ̀n tí wọ́n fi sanra lójúmọ́ fi 47% ju ti àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kan náà sì ni wọ́n ń jẹ. Ọwọ́ tó rọ̀ àmọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ lára díẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tó ń rìn ín lára bíi kòkòrò.

Bí mo ṣe ń ṣe é fún ọmọ mi kejì nìyí. Mo máa ń jẹ́ kó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn tó mumú, mo ti fèrèsé kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i, mo bu àdí àgbọn díẹ̀ sọ́wọ́, mo fọwọ́ méjèèjì ra á títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òrí náà dáa. Robb àti káńfọ̀ ni mi ò jẹ́ kó sún mọ́ ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ látẹsẹ̀, látìtan wá sí ọrùn ẹsẹ̀, mi ò kánjú, mo wá lọ sí ikùn, mo ń yí ọwọ́ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí (tí ìwọ́ ò bá tíì já, ẹ fi ikùn sílẹ̀ ná), tí afẹ́fẹ́ bá wà níkùn ẹ̀ màá rọra tẹ orúnkún méjèèjì wá sí ikùn, ó máa ń so láìpẹ́. Tó bá yíjú kúrò tàbí tó ń sunkún, mo dáwọ́ dúró.

Màmá yẹn náà ló wá nígbà tí mo bí i. Mi ò bá wọn jà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́, tó bá kan ti fífà, ẹ jẹ́ kí n máa ṣe é." Wọ́n kọ́kọ́ mú ojú le. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wò mí, ọmọ ti di ìkúùkù méjèèjì mú pinpin látìgbà tí mo ti bọ́ aṣọ ẹ̀, mo ń fi àtàǹpàkò pa àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ wá ṣí níkọ̀ọ̀kan, ó tẹjú mọ́ mi, kò ké. Màmá na ọwọ́ sí ìgò àdí, wọ́n ní, "Gbé e wá, jẹ́ kí n ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀."