Ògùṣọ̀: ṣé iná ni, àbí ohun tí a fi ń dá iná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo lọ kí ìyá bàbá mi lábúlé lágbègbè Oǹdó. Wọ́n ní kí n bu ògùṣọ̀ wá lẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì mú tọ́ọ̀ṣì lọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì, Jòhánù 18:3, ògùṣọ̀ ni àwọn tó wá mú Jésù gbé lọ́wọ́. Kí wá ni màmá ń wí?

Ìdáhùn: Màmá kò ṣì í wí, Bíbélì náà kò sì ṣì í kọ. Bí a bá se ẹyìn, tí a gún un, tí a fún epo rẹ̀, tí a sì ṣa èkùrọ́ kúrò, ohun tó ṣẹ́kù máa ń rí wúruwùru bí irun, ó pupa rúsúrúsú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Òun ni màmá ń pè ní ògùṣọ̀. Ibòmíràn, ìhá ni wọ́n ń pè é. Òun náà ni àwọn àgbà máa ń dì mọ́ orí igi, tí wọ́n á tanná sí, tí wọ́n á fi ríran lóru. Èyí tó wà nínú agbọ̀n àti èyí tó ń jó lọ́wọ́, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́. Tọ́ọ̀ṣì tí o mú lọ kò kúkú jìnnà sí i, ọmọ mi.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi ń tètè ràn?

Ìdáhùn: Epo tí kò tán lára rẹ̀ ni. Ó ń ṣe bí òwú fìtílà: epo inú rẹ̀ ló ń jó, òun fúnra rẹ̀ kì í tètè di eérú. Ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé ti tó. Fi sábẹ́ igi wẹ́wẹ́ nínú ààrò, ṣáná sí i, má sì tíì kó igi ńlá lé e, nítorí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Á kọ́kọ́ rú èéfín díẹ̀, lẹ́yìn náà wàá gbọ́ tí epo ń ta ṣàṣà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kẹrosíìnì lọ. Kẹrosíìnì á bú yẹ̀rì, á kú kí igi tó gbiná, òórùn rẹ̀ á sì wọnú ọbẹ̀.

Ìbéèrè: Èyí tí mo bù níbi ẹ̀rọ tí ń fún epo kì í pẹ́ kó tó jó tán.

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ ń fún epo ju ọwọ́ lọ ni. Bí o bá rí àwọn ìyá tó ṣì ń fọwọ́ ṣe é, ọ̀dọ̀ wọn ni kí o lọ. Sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kí o fi sórí àjà lókè ààrò. Bó bá wà nílẹ̀ tútù, á bu. Inú agbọ̀n kan tí èéfín ti sọ di dúdú ni ìyá mi ń kó tiwọn sí. A kì í wá a tì, kódà lásìkò òjò.