Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń ya àwòrán ni?

"Kọ̀ǹpútà ló yà á fún ẹ, àbí?" Bí àwòrán bá ti jọ èèyàn gan-an, tí irun orí ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí omi sì ń dán nínú ẹyinjú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó bá rí i nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ títí, kò bí mi nínú mọ́. Wọ́n rò pé bọ́tìnnì kan wà tí èèyàn máa ń tẹ̀, tí iṣẹ́ á sì parí. Lóòótọ́, ẹ̀rọ ti wà báyìí tó jẹ́ pé èèyàn á kàn sọ ohun tó fẹ́ fún un, òun náà á sì gbé àwòrán jáde. Ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ nìyẹn. Èyí tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà lórí kọ̀ǹpútà, láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, ni mò ń sọ.

Ọwọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bírò ẹ̀rọ tí a fi ń yà á mọ bí èèyàn ṣe tẹ̀ ẹ́ tó; ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà báyìí ń dá ìwọ̀n ìtẹ̀mọ́lẹ̀ 8,192 mọ̀ yàtọ̀ síra. Bí mo bá rọra fi kan ojú gíláàsì ẹ̀rọ, ìlà á tín-ín-rín. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á nípọn. Ìgbà tó yẹ kó nípọn, bírò ò mọ̀ ọ́n. Ètò kan tilẹ̀ wà tó máa ń tọ́ ìlà tó bá ń gbọ̀n, mo sì ń lò ó, ṣùgbọ́n bí mo bá ya imú síbi tí kì í ṣe àyè imú, á bá mi tọ́ ọ níbẹ̀ kó dán dáadáa.

Ká ní ìyá arúgbó kan ni mo fẹ́ yà, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà lóru. Mi ò ní kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwọ̀ kankan. Màá ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kéré bíi páálí ìṣáná, dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú nìkan, kí n lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa wà àti ibi tí òkùnkùn máa wà. Bí àwọn kékeré yẹn ò bá wuyì, kò sí bí mo ṣe lè to irun sí i tó tí á fi dára. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kánjú.

Ó wá kan ojú ìyá. Fìtílà wà lápá òsì, nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì á gba àwọ̀ iná, ti ọ̀tún á wọ inú òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé lórí imú, pupa díẹ̀ máa ń yọ níbẹ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ inú awọ ara, á gba inú ẹ̀jẹ̀ kó tó jáde. Bí aṣọ rẹ̀ bá pupa, díẹ̀ nínú pupa náà á ta sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Funfun ojú gan-an kì í ṣe funfun: ìpéǹpéjú òkè ṣíji bò ó, àwọ̀ eérú ni màá fi kùn ún. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí ìyá kankan níbẹ̀; nọ́ńbà àwọ̀ ló ń rí.

Ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn rò pé idán ni ni layer. Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán, jáde ní 1990, ọdún 1994 ni layer wọ inú rẹ̀. Ẹ rò ó bíi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan tí a tò lé ara wọn: ìlà wà lórí ọ̀kan, àwọ̀ ara lórí òmíràn, òjìji lórí òmíràn, èèyàn sì lè fọwọ́ kan ọ̀kan láìba ìyókù jẹ́. Ó rọ iṣẹ́ lọ́rùn, àmọ́ kì í yàwòrán. Ó tilẹ̀ lè dá kún wàhálà. Mo ti fi wákàtí méjì kun irun rí, láìmọ̀ pé orí layer àwọ̀ ara ni mo wà. Ìgbà tí mo fẹ́ jẹ́ kí ara dúdú díẹ̀ sí i, gbogbo ewú orí ìyá ṣókùnkùn bá a.

Undo, bọ́tìnnì tó ń pa ohun tí èèyàn ṣe kẹ́yìn rẹ́, ńkọ́? Òótọ́ ni, ẹni tó ń lo ọ̀dà olómi kò ní in. Ṣùgbọ́n ṣe ni undo kàn ń dá èèyàn padà síbi tó ti ń bọ̀, kì í júwe ọ̀nà. Torí pé ó wà, mo ti ya ẹnu kan ṣoṣo nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ kan rí, mo sì tún padà sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Àṣìrò mìíràn tó bá èyí tan ni pé ẹni tó ya àwòrán tó kún fún iṣẹ́ wínníwínní ti fara balẹ̀ ya gbogbo ibi tó wà nínú rẹ̀. Rárá o. Àwòrán tó tó bébà A4, tí a fẹ́ tẹ̀ jáde kó mọ́ kedere, máa ń jẹ́ píksẹ́lì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní òòró. Àmì bíńtín tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ nìyẹn. Ta ló fẹ́ máa kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan? Ojú ìyá àti ọwọ́ rẹ̀ ni màá fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni òǹwòran máa wò. Àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀, màá fa búrọ́ọ̀ṣì bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, ojú òǹwòran á bá mi parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ àwòrán títí ihò irun kan fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ lè lo ọ̀sán kan lórí ohun tẹ́nikẹ́ni ò ní rí. Nítorí náà mo máa ń sọ ọ́ di kékeré, mo sì máa ń yí i kí òsì di ọ̀tún. Bí mo bá ti yí i báyìí, ojú kan tó ga ju èkejì lọ, tí mi ò rí láti àárọ̀, á yọ síta gbangba.

Àmì funfun kékeré inú ẹyinjú ni mo máa ń fi sílẹ̀ dé ìparí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bírò máa kan gíláàsì fún un. Apá ibi tí fìtílà wà ló gbọ́dọ̀ wà. Bí mo bá fi sí apá kejì, ojú ìyá á kú. Èyí tí mo yà kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbé àmì yẹn kúrò kí n tó gbà pé ó jókòó.