Ọ̀fẹ́ ni Android, géètì ọjà ni kì í ṣe ọ̀fẹ́

Ẹni tó bá tú páálí fóònù tuntun lórí tébù olùtajà ní Computer Village, Ìkejà, á rí i pé ẹlòmíràn ti kó ẹrù wọlé ṣáájú òun: Chrome, YouTube, Gmail, Google Maps, gbogbo áàpù Google wọ̀nyí ti jókòó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ní wá òmíràn. Ta ló fẹ́ fi dátà olówó gọbọi wá ohun tó jọ èyí tó wà lọ́wọ́? Orí ìjókòó yìí gan-an ni ìjà òfin ìdíje ọjà dá lé.

Android fúnra rẹ̀, ìyẹn ètò Google tó ń darí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú lè kó o, kó tún un ṣe bó ṣe fẹ́, kó fi sórí fóònù tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Play Store, ọjà Google tí wọ́n ti ń gba áàpù, kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Àfi kéèyàn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Google. Ó dà bíi kí wọ́n fúnni ní ṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ géètì ọjà wà lápò ẹlòmíràn. Huawei, ilé-iṣẹ́ fóònù ará Ṣáínà, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Látìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin dè é ní 2019, fóònù tuntun rẹ̀ kò ní Play Store mọ́. Kámẹ́rà rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ lẹ́yìn odi Ṣáínà wó lulẹ̀.

Ìwé àdéhùn yẹn ni Ìgbìmọ̀ Yúróòpù (European Commission) tú wò kó tó bu ìtanràn 4.34 bílíọ̀nù yúrò lé Google ní oṣù Keje ọdún 2018. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ Play Store, dandan ni kó gba Google Search àti Chrome mọ́ ọn, bí ìyá oníṣòwò tó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣúgà àfi kó ra ọṣẹ. (Àwọn àgbà tó rí ìgbà tí mílíìkì wọ́n níta mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀.) Ó ní Google tún ń sanwó fún àwọn kan kí wọ́n má baà gbé ẹ̀rọ ìwákiri míì sórí fóònù. Ẹ̀sùn kẹta ló mú jù: ẹni tó bá ti gba Play Store kò gbọdọ̀ ta fóònù kankan, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, tó ń lo Android tí ẹlòmíràn tún ṣe láìgba àṣẹ Google. Báwo ni Android míì ṣe fẹ́ ríbi dàgbà? Ní 2022, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀sùn ti owó, ó sì dín ìtanràn kù sí 4.125 bílíọ̀nù.

Pé ilé-iṣẹ́ tóbi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin. Ohun tó fi títóbi ṣe ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn ò sì lè sọ pé ẹnì kan tóbi láìkọ́kọ́ fa ààlà ọjà, ìyẹn ni pé kí wọ́n sọ ọjà tí wọ́n ń wò gan-an. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń yí. Epic Games, tó ni géèmù Fortnite, pe Apple àti Google lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kan náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, lórí bí wọ́n ṣe ń darí ìtajà áàpù. Lórí ti Apple, adájọ́ fa ààlà yí òwò géèmù orí fóònù ká, ó ní Epic kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Apple ń dá ọjà jẹ, àmọ́ kó má di àwọn oníáàpù lẹ́nu láti sọ ọ̀nà ìsanwó míì fún oníbàárà. Lórí ti Google, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbẹ́jọ́ wo ìtajà áàpù Android nìkan, wọ́n sì ní ó jẹ̀bi, ní oṣù Kejìlá 2023. Ó yani lẹ́nu, torí Apple ló ti ilẹ̀kùn pa gbọin. Ti Google, èèyàn lè gba áàpù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lórí Xender nínú dánfó. Ṣùgbọ́n Apple ló ń ṣe fóònù tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Google ní láti bá àwọn tó ń ṣe fóònù tọwọ́ bọ̀wé, ìwé wọ̀nyẹn ló sì di ẹ̀rí.

Owó ìṣọ̀, ìyẹn owó tí Google ń yọ lórí ọjà, ló ń bí àwọn oníáàpù nínú. Ẹni tó bá ta ohun orí ẹ̀rọ ní ₦1,000 nínú áàpù tó kọ ní Yábàá, ₦150 ni Google á yọ títí ọjà rẹ̀ fi pé mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, lẹ́yìn náà ó lè di ₦300. Owó táksí àti ti oúnjẹ tí wọ́n ń san nínú áàpù kò sí níbẹ̀, torí wọn kì í ṣe ohun orí ẹ̀rọ.

Ní Nàìjíríà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí, lábẹ́ òfin ọdún 2018. Ilé-iṣẹ́ tó bá fi agbára ọjà rẹ̀ fìyà jẹni lè san tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó pa lọ́dún tó ṣáájú. Ní oṣù Keje 2024, FCCPC bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp, pé ó fipá mú àwọn oníbàárà gba ìlànà tó gbé kalẹ̀ lórí ìsọfúnni wọn. Ilé ẹjọ́ ìdíje fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin 2025. Ipá ni, torí obìnrin tó ń ta léèsì ní Balógun, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lórí WhatsApp, kò lè sọ pé òun ò gbà kó sì kó lọ síbòmíì lọ́la.