Dráífà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí FreeBSD

Dráífà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni apá ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó gbọ́ èdè chip orí káàdì náà. Òun ni ó ń jí chip yìí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, tí ó ń ka àdírẹ́ẹ̀sì MAC tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀, tí ó ń gbé pákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà kéékèèké) lé e lọ́wọ́ láti fi ránṣẹ́, tí ó sì ń gba èyí tí ó bá gba ojú wáyà wọlé. Lórí FreeBSD, tí ó ṣẹ̀ wá láti ara irú Unix tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì California ní Berkeley, inú kernel, ọkàn ètò náà tí ó ń darí ẹ̀rọ, ni àwọn dráífà wọ̀nyí ń gbé: àwọn kan ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí module tí a lè gbé wọlé nígbà tí a bá nílò wọn. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí dídá káàdì mọ̀, fífi dráífà rẹ̀ sí i àti ṣíṣètò rẹ̀. Àwọn káàdì oníwáyà tí ó ń lo chip Realtek ni a fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé wọ́n wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ kò ga, tí wàhálà wọn sì ń fi bí iṣẹ́ náà ṣe rí hàn kedere.

Nọ́ńbà ni kernel ń wò

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí PCI, ojú ọ̀nà tí a fi ń so káàdì mọ́ inú kọ̀ǹpútà, ni ó ní nọ́ńbà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 16: ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ìkejì fún irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́. Nọ́ńbà Realtek ni 0x10ec. Ti Intel ni 0x8086, èyí tí ẹni tí ó bá mọ ìtàn kọ̀ǹpútà yóò rí i pé ó bá orúkọ chip 8086 tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde ní 1978 mu. Inú kóòdù dráífà kọ̀ọ̀kan ni àkójọ nọ́ńbà tí ó mọ̀ wà. Nígbà tí FreeBSD bá ń tàn, kernel a máa gbé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ bá àwọn dráífà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó bá sì jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ ọ́n ni yóò gbà á. Bí dráífà méjì bá jẹ́wọ́, èyí tí ìdánilójú tirẹ̀ bá ga jù ni ó ni í. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́wọ́, ẹ̀rọ náà yóò jókòó síbẹ̀ láìní olúwa.

Nítorí náà, orúkọ tí a tẹ̀ sára páálí káàdì kò já mọ́ nǹkan kan lójú kernel. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń to káàdì lè pààrọ̀ chip inú rẹ̀ láìpààrọ̀ orúkọ, kí káàdì méjì tí a rà ní ọjà kan náà má sì lo dráífà kan náà. Àṣẹ `pciconf -lv` ni a fi ń wo nọ́ńbà gan-an. Bí ó ṣe máa ń fi káàdì Realtek hàn nìyí, bí a bá gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀:

```
re0@pci0:3:0:0: class=0x020000 rev=0x15 vendor=0x10ec device=0x8168
    vendor   = 'Realtek Semiconductor Co., Ltd.'
```

Ohun tí ó ṣáájú àmì @ ni ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ sí. `re0` túmọ̀ sí pé dráífà re ti gba káàdì náà. Bí ó bá jẹ́ `none0` ni a rí níbẹ̀, kò tíì sí dráífà tí ó gbà á. Class 0x020000 ni ti Ethernet oníwáyà, nígbà tí káàdì aláìlówáyà sábà máa ń gbé 0x028000. Fún káàdì tí a ń kì bọ ojú USB, `usbconfig` ni a ń lò dípò, dráífà wọn sì yàtọ̀: ure ni ti RTL8152 àti RTL8153, axe àti axge sì ni ti àwọn chip ASIX.

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo tó. Láti ìgbà RTL8168B ni Realtek ti ń lo 0x8168 fún ọ̀wọ́ chip tí inú wọn kò bára mu, nítorí náà dráífà re gbọ́dọ̀ tún ka àmì ẹ̀dà tí ó wà nínú chip kí ó tó mọ èyí tí ó ń bá lò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣòro káàdì tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà bá àkójọ mu, dráífà gbà á, àmọ́ ẹ̀dà tí ó bá nínú rẹ̀ ṣàjèjì sí i, ó sì kọ̀ láti tẹ̀ síwájú. Ìkìlọ̀ rẹ̀ máa ń wà nínú ohun tí `dmesg`, àṣẹ tí ó ń fi ọ̀rọ̀ kernel hàn, bá gbé jáde, tí FreeBSD sì ń tọ́jú sí `/var/run/dmesg.boot`.

Orúkọ tí káàdì ń jẹ́

Dráífà ni FreeBSD fi ń sọ káàdì lórúkọ: em ni ti Intel oní-gigabit, bge ni ti Broadcom, fxp ni ti Intel oní-100 megabit, xl ni ti 3Com. Linux kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, eth0 ni ó ń pe káàdì àkọ́kọ́, ohun yòówù kí chip rẹ̀ jẹ́, kí systemd, ètò tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ Linux, tó mú orúkọ bíi enp3s0, tí ó ń tọ́ka sí ibi tí káàdì wà lórí PCI, wọlé ní 2013. Ọ̀nà ti FreeBSD ń jẹ́ kí ẹni tí ó wo `ifconfig`, àṣẹ tí a fi ń wo káàdì tí a sì fi ń ṣètò rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan mọ dráífà tí ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ní ìpalára tirẹ̀: bí a bá yọ káàdì Intel tí a sì fi Realtek rọ́pò rẹ̀, gbogbo ìlà tí a kọ fún em0 ti di òfo, kọ̀ǹpútà yóò sì tàn láìní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn alábòójútó kan máa ń fi `ifconfig_re0_name="lan0"` fún un ní orúkọ mìíràn, kí ó lè jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo ni wọn yóò tún kọ.

Ìtàn rl àti re

Bill Paul, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Columbia University ní New York nígbà náà, ni ó kọ púpọ̀ nínú àwọn dráífà Ethernet FreeBSD ní ìparí àwọn ọdún 1990, rl fún RTL8139 sì wà lára wọn. Nínú àlàyé tí ó kọ sórí kóòdù náà, kò fi bò pé chip yìí sọ ohun tí à ń pè ní ọjà pọ́ọ́kú di ọ̀tun. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ààyè mẹ́rin péré ni RTL8139 ní fún pákẹ́ẹ̀tì tí ó ń jáde, pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí báìtì 4 lè pín dọ́gba nínú mẹ́mórì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dráífà yóò kọ́kọ́ dà á kọ sí ibòmíràn. Àwọn tí ó ń wọlé ńkọ́? Ojú kan ṣoṣo ni chip ń da gbogbo wọn jọ sí, dráífà yóò sì tún ṣà wọ́n kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí káàdì ìbá ṣe wá di ẹrù processor, èyí tí kì í ṣe kékeré lórí ẹ̀rọ ìgbà náà. Síbẹ̀, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ta káàdì yìí, ó sì kárí ayé.

Bill Paul kan náà, tí ó ti wà ní ilé-iṣẹ́ Wind River Systems, ni ó kọ re fún RTL8139C+ àti RTL8169 ní 2003. Ní ti àwọn chip wọ̀nyí, àkójọ ibi tí pákẹ́ẹ̀tì wà nínú mẹ́mórì ni dráífà ń kọ sílẹ̀, káàdì fúnra rẹ̀ ni ó sì ń lọ kó wọn. Ní ọ̀dọ̀ Linux, Donald Becker, tí ó ṣiṣẹ́ ní ibùdó Goddard ti NASA, ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí nígbà ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Áfíríkà, FreeBSD di ojúlùmọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nípasẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ AfNOG, ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì Áfíríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town ní 2000, tí ó dé Lomé ní 2002 àti Abuja ní 2007.

Gbígbé dráífà wọlé

Kernel GENERIC, èyí tí ó ń bá FreeBSD wá, ti ní re, em, bge àti ọ̀pọ̀ mìíràn nínú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní ohunkóhun láti fi sí i. Bí kernel bá jẹ́ èyí tí a ti gé kúrú, `kldload if_re` yóò gbé module náà wọlé lójú ẹsẹ̀, yóò sì fa miibus, module ìrànlọ́wọ́ tí ó gbára lé, wọlé pẹ̀lú rẹ̀ bí kò bá tíì sí níbẹ̀. Àṣẹ `kldstat` ni ó ń fi àwọn tí ó ti wọlé hàn. Kí ó tó lè máa wọlé fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn, a gbọ́dọ̀ kọ `if_re_load="YES"` sínú `/boot/loader.conf`. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí dráífà wà nínú kernel gan-an yóò kọ `device miibus` àti `device re` sínú fáìlì ìṣètò kernel tirẹ̀, yóò sì lo `make buildkernel` àti `make installkernel`. Àṣẹ kejì yìí máa ń tọ́jú kernel àtijọ́ sí `/boot/kernel.old`, èyí tí ó ti yọ ọ̀pọ̀ nínú ewu.

Nígbà mìíràn, dráífà tí ó bá FreeBSD wá gba káàdì náà, àmọ́ iṣẹ́ kò lọ geerege: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ìkìlọ̀ `re0: watchdog timeout` sì ń hàn lemọ́lemọ́ nígbà tí ẹrù bá pọ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń dábàá ni dráífà tí Realtek fúnra rẹ̀ kọ, tí ó wà nínú ports (àkójọ ètò àfikún FreeBSD) pẹ̀lú orúkọ realtek-re-kmod. Module yìí tún ń jẹ́ if_re, bíi ti inú kernel, nítorí náà ìlà kan péré kò tó nínú `loader.conf`:

```
if_re_load="YES"
if_re_name="/boot/modules/if_re.ko"
```

Ìlà kejì ni ó ń sọ ibi tí a ti fẹ́ kí ó gbé e. `/boot/kernel` ni ti àwọn tí ó bá ètò wá, `/boot/modules` sì ni ti àwọn tí a fi kún un. Ẹni tí ó bá gbé FreeBSD rẹ̀ lọ sí ẹ̀dà tuntun ní láti rí i pé module tí ó bá kernel tuntun mu ni ó wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè kọ̀ láti wọlé. Lórí Linux, DKMS, tí ó ṣẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ Dell, ni ó ń tún irú module bẹ́ẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí kernel bá yí padà.

Ìṣòro kan wà tí kì í ṣe ti kóòdù: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni a nílò láti fi wa dráífà tí yóò fún wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀nà kan ni kí a gbé páákéèjì náà wá lórí fíláàṣì kí a sì lo `pkg add`. Èyí tí ó yá jù ni kí a so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú okùn USB kí a sì tan USB tethering, tí fóònù fi ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Dráífà urndis tàbí cdce yóò gbà á, yóò jẹ́ ue0, `dhclient ue0` yóò sì gba àdírẹ́ẹ̀sì fún un.

Ṣíṣètò

Àṣẹ `ifconfig re0 inet 192.168.1.10/24` àti `route add default 192.168.1.1` ti tó láti mú káàdì ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn kì í kọjá àtúntàn kọ̀ǹpútà. Inú `/etc/rc.conf` ni ìṣètò tí yóò dúró ń gbé:

```
ifconfig_re0="inet 192.168.1.10 netmask 255.255.255.0"
defaultrouter="192.168.1.1"
```

Bí ráútà bá ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, `ifconfig_re0="DHCP"` nìkan tó, yóò sì kọ `/etc/resolv.conf` fúnra rẹ̀. Bí kò bá ń pín in, ẹni tí ó ń ṣètò ni yóò fi ọwọ́ kọ ìlà `nameserver` síbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni pé shell, ètò tí ó ń ka àṣẹ, ni ó ń ka `rc.conf`. Àmì àyọlò kan tí a gbàgbé láti pa lè dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ láti tàn, kí ó wá di pé a ń wọ single-user mode (ipò àtúnṣe), tí a ń fi `mount -u /` ṣí díìsìkì kí a tó lè tún un kọ. Àṣẹ `sysrc` kì í jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń bá wa kọ ìlà náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, `service netif restart` ni a ń lò, àmọ́ ó máa ń gbá ọ̀nà àbájáde dànù, nítorí náà `service routing restart` gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí láti òkèèrè nípasẹ̀ SSH gbọ́dọ̀ fi `&&` so méjèèjì pọ̀ lórí ìlà kan, nítorí pé bí ó bá tẹ ti àkọ́kọ́ nìkan, ó ṣeé ṣe kí ó má rí àyè tẹ ìkejì mọ́.

Wíwá ibi tí àṣìṣe wà

Ìlà `media` àti `status` nínú `ifconfig re0` ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. `status: no carrier` fi hàn pé káàdì kò gbúròó ẹ̀rọ tí ó wà ní òdìkejì wáyà, okùn tàbí ojú switch ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì. Bí ó bá jẹ́ `active` tí ping kò sì lọ, àdírẹ́ẹ̀sì, netmask tàbí ọ̀nà àbájáde ni ó kù láti wò.

Àìsàn kan wà tí ó ń tan ènìyàn jẹ: ping ń lọ dáadáa, àmọ́ fáìlì ńlá ń rìn bí ìgbín. Lórí wáyà oní-100 megabit, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ti fi ọwọ́ ti òdìkejì mọ́ full-duplex (fífi ránṣẹ́ àti gbígbà lẹ́ẹ̀kan náà), tí káàdì tiwa sì wà lórí autoselect (kí ó yan fúnra rẹ̀). Káàdì lè mọ bí iná orí wáyà ṣe yára tó, àmọ́ kò lè mọ duplex bí òdìkejì kò bá bá a dúnàá-dúrà, nítorí náà half-duplex, tí kì í fi ránṣẹ́ kí ó sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ni yóò mú. Iye tí ó ń gòkè lábẹ́ Coll (ìkọlura pákẹ́ẹ̀tì) nínú `netstat -i` ni ó máa ń tú u fó. Autoselect ní ìhà méjèèjì ni ìwòsàn rẹ̀. Fún chip tí a bá fura sí, `ifconfig re0 -rxcsum -txcsum -tso` máa ń gba iṣẹ́ ìṣirò padà fún processor, kí a lè mọ̀ bóyá chip ni ó ń ba pákẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Káàdì aláìlówáyà

Láti FreeBSD 8.0 ni káàdì aláìlówáyà ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ wlan0, tí a ń dá sórí dráífà gidi pẹ̀lú ìlà bíi `wlans_ath0="wlan0"`; `ifconfig_wlan0="WPA DHCP"` àti `/etc/wpa_supplicant.conf` ni ó parí ètò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún nílò firmware, èyí tí í ṣe kóòdù tí a ń dà sínú chip kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Dráífà iwlwifi, tí a mú láti ara ti Linux fún àwọn káàdì Intel tuntun, wọlé pẹ̀lú FreeBSD 13.1 ní 2022.

Lórí àwọn ètò mìíràn

Lórí Linux, `lspci -nnk` ń ṣe iṣẹ́ pciconf, `modprobe r8169` ń gbé dráífà Realtek wọlé láti inú `/lib/modules`, `ip` sì ti gba ipò ifconfig. Nínú àwọn ẹbí FreeBSD, NetBSD ń kọ ìṣètò sí `/etc/ifconfig.re0`, OpenBSD sí `/etc/hostname.re0`. OpenBSD kò ní module rárá mọ́: gbogbo dráífà wà nínú kernel, `fw_update` sì ń wá kìkì firmware tí a kò gbà á láyè láti fi bá ètò náà wá.