Àkólọ-àkóbọ̀: àìsàn tó ń mú kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ falẹ̀ títí tí á fi gan

Àkólọ-àkóbọ̀ ni orúkọ tí mo ń pe àìsàn kan tó wọ́pọ̀ lára kọ̀ǹpútà ilé tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀: RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, á kún, ẹ̀rọ á sì máa kó nǹkan lọ sórí dísíìkì, ibi tí fáìlì ń gbé, á tún máa kó o bọ̀, dípò kí ó ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ gbèjà orúkọ náà kí n tó ṣàlàyé àìsàn ọ̀hún, nítorí pé àwọn orúkọ burúkú tí wọ́n ti sọ ọ́ ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wo àìsàn tí kò ṣe ẹ̀rọ wọn, nígbà tí èyí tó ń ṣe é jókòó sílẹ̀ tí ń wò wọ́n. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. Ọfà máòsì ń rìn káàkiri, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ṣí. Iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí dísíìkì bá ń ṣiṣẹ́ tàn kalẹ̀, kò ṣẹ́jú mọ́. Bí ó bá ṣe díẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ ti tẹ̀ láti ìgbà yẹn wá yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fèrèsé mẹ́rin á ṣí gbàràgàdà tẹ̀ léra wọn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á tún dákẹ́.

"Thrashing", orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí Peter Denning, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi ṣe àkọlé àpilẹ̀kọ tí ó kọ lórí okùnfà rẹ̀ àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀ ní ọdún 1968, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún nína ènìyàn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n bá "lílù" níbẹ̀, wọ́n sì gbé "àlùbolẹ̀ ìrántí" jáde fún wa gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀. Ta ló lu ta? Kí ni ìrántí jẹ lẹ́nu wọn? Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ó sì ka irú ọ̀rọ̀ yìí, yóò rò pé ẹ̀rọ náà já bọ́ láti orí tábìlì ni. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wahala ara wọn: wọ́n ní kọ̀ǹpútà ń "swọ́ọ̀pù jù", wọ́n sì ká ọwọ́ gbera bí ẹni tó ti parí iṣẹ́, bí ẹni pé ẹnu Yorùbá gba irú kọ́ńsónáǹtì méjì tó so kọ́ra bẹ́ẹ̀ yẹn nírọ̀rùn.

Èyí tó súnmọ́ òótọ́ jù nínú gbogbo wọn ni "ìpààrọ̀ àpọ̀jù", mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń lò ó kì í ṣe aláìmọ̀kan. Síbẹ̀ n kò gbà á. Nínú iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, ẹ̀yà tó bàjẹ́ ni a ń pààrọ̀. Bí ẹ bá sọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé ìpààrọ̀ ló ń dà á láàmú, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi yín ni pé èwo lẹ ti pààrọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ti nawọ́ sí tọnafíìsì rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó bá ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ nínú ọjà kan náà kò yẹ kí a tún di ẹrù kún ẹrù rẹ̀.

Àkólọ-àkóbọ̀ kò ní ìṣòro wọ̀nyí. Ẹ kíyè sí i pé "kó" ni mo lò, n kò lo "gbé", nítorí ohun kan ṣoṣo ni à ń gbé, ohun púpọ̀ tó wà ní ẹyọ-ẹyọ ni à ń kó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ yìí rí: inú ègé kéékèèké ni kọ̀ǹpútà ń pín ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, ègé kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń jẹ́ báìtì 4,096. Ẹni tó mọ àlọ àti àbọ̀ kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ ohun tí mo ń sọ. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí "iṣẹ́" nínú rẹ̀ rárá. Ó kó lọ, ó kó bọ̀. Kí ló wá ṣe láàárín méjèèjì? Kò ṣe nǹkan kan, ohun tí à ń pè ní àìsàn náà nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tún fẹ́ bá wọn fà á kí n tó kúrò lórí orúkọ, nítorí pé èyí ló ń ṣe ìpalára jù. Àwọn ènìyàn ń pe RAM ní ìrántí, wọ́n sì tún ń pe dísíìkì ní ìrántí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wá kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ìrántí ti kún, oníkọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀ àti fídíò àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́, á pa á tán, ẹ̀rọ náà á sì tún falẹ̀ bí ó ti ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé RAM ló kún, orí dísíìkì sì ni àwọn àwòrán wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe RAM ní àyè iṣẹ́, tí mo sì ń pe ibi tí fáìlì ń gbé ní àká. Àwọn tó ń pe RAM ní ọpọlọ kò ràn wá lọ́wọ́ rárá, nítorí pé prósẹ́sọ̀, ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, náà ni wọ́n ń pè ní ọpọlọ, wọ́n sì ń pe odindi ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Ní ti kí kọ̀ǹpútà dúró gbọnin, "ó gan" ni mo ń sọ, n kò ní sọ pé "ó dì" bí ẹni tó ń túmọ̀ "freeze" ti Gẹ̀ẹ́sì. Omi àti ọ̀rá ló ń dì. Kò sí òtútù nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, nígbà púpọ̀ ooru gan-an ló ń ṣe é. Ẹni tó bá wù láti sọ pé "ó háńgì" lè máa sọ ọ́, kò bí mi nínú.

Ẹ wo aránṣọ kan tí tábìlì rẹ̀ kò gbà ju aṣọ méjì lọ, tí àwọn aṣọ yòókù sì wà nínú yàrá kan lẹ́yìn. Nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ, ó ń rán an, abẹ́rẹ́ ń sáré. Wàyí o, ó gba aṣọ ẹni mẹ́fà pọ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó tì í, oníkálukú sì ń fẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan ti òun. Ó ní láti ká àwọn ègé aṣọ kan, kí ó kó wọn lọ sí yàrá, kí ó kó ti òmíràn bọ̀, kí ó tẹ́ ẹ, kí ó wá òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu; kí abẹ́rẹ́ tó gún un lẹ́ẹ̀kejì, ẹlòmíràn ti pè é, ó sì tún ń ká a. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, òógùn ti bò ó, ẹsẹ̀ ń ro ó, kò sì sí aṣọ kan tí apá rẹ̀ pé. Ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè á ní ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò rọ. Àárín tábìlì àti yàrá ló ti lo ọjọ́ rẹ̀.

Tábìlì ni àyè iṣẹ́, yàrá ni àká, àwọn tó jókòó tì í sì ni àwọn ètò tí ẹ ṣí sílẹ̀. Ohun tó mú kí ìrìn náà burú tó bẹ́ẹ̀ ni bí yàrá ṣe jìnnà sí tábìlì. Láti mú ohun kan nínú RAM kò gbà ju bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 sẹ́kọ́ńdù kan lọ, nígbà tí dísíìkì tó ń yí, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, nílò bí ìdá kan nínú 100 sẹ́kọ́ńdù kan kí orí tó ń kà á tó dé ibi tí ohun náà wà. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ bí ìlọ́po 100,000. Kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀: ọgbọ́n tó dára ni kí kọ̀ǹpútà máa fi àká gbè lẹ́yìn àyè iṣẹ́, kọ̀ǹpútà Atlas ti Yunifásítì Manchester sì ti ń lò ó láti ọdún 1962. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń lọ sí yàrá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ìgbà tí ohun tí gbogbo ètò nílò lẹ́ẹ̀kan náà bá ju àyè iṣẹ́ lọ ni ọgbọ́n náà á di àkólọ-àkóbọ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló wá ń fà á, bí àwọn ènìyàn ti ń rò. Tábìlì kò kéré sí i, aṣọ ló pọ̀ sí i. Windows XP tó jáde ní ọdún 2001 lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú RAM mẹ́gábáìtì 64. Windows 11 tó jáde ní ọdún 2021 ní kò gbọdọ̀ dín sí gígábáìtì 4, èyí tí í ṣe ìlọ́po 64 ti ìṣáájú. Aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá nínú wọn báyìí, nítorí pé ó máa ń fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojúewé tí ẹ ṣí ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, débi pé ẹni tó ní fèrèsé kan ṣoṣo ni òun ṣí, tí ogún táàbù sì wà nínú rẹ̀, ti pe èrò tó pọ̀ jókòó.

Láti mọ̀ bóyá òun ni, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows kí Task Manager, fèrèsé tó ń fi bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, lè ṣí, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ẹ̀rọ ń falẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé Memory (àyè iṣẹ́) ti kọjá 90 nínú 100, tí Disk (àká) dúró sórí 100, tí CPU (prósẹ́sọ̀) sì wà nísàlẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó kàn án, àkólọ-àkóbọ̀ nìyẹn. CPU yẹn ló ń fi òótọ́ hàn jù: aránṣọ ni, kò rí aṣọ lórí tábìlì, ó ń dúró. Bí Disk bá wà lórí 100 ṣùgbọ́n tí Memory kò pọ̀, ẹ má fi orúkọ mi pè é. Ó lè jẹ́ àtúnṣe Windows tó ń wọlé, ó sì lè jẹ́ pé dísíìkì ń kú lọ, tó ń gbìyànjú láti ka ojú kan tó ti bàjẹ́ léraléra. Bí ẹ bá wá ń gbọ́ ìró kọ́kọ́kọ́ láti inú rẹ̀, ẹ kó fáìlì yín síbòmíràn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ọfà máòsì pàápàá bá gan tí kò rìn mọ́, eruku inú fáànù àti ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ sì jẹ́ kí Windows Memory Diagnostic, ètò àyẹ̀wò inú Windows, yẹ RAM wò.

Ìwòsàn àkólọ-àkóbọ̀ kò ju ọ̀nà méjì lọ: kí èrò dín kù, tàbí kí tábìlì fẹ̀ sí i. Láti dín èrò kù, ẹ lọ sí abala Startup nínú Task Manager yẹn, kí ẹ pa gbogbo ètò tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹ pè é, kí ẹ sì pa àwọn táàbù tí ẹ ń sọ pé ẹ máa kà lọ́la. Ẹ sá fún àwọn ètò tó ń pe ara wọn ní afọ-RAM-mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń fi tipátipá kó gbogbo ohun tó wà lórí àyè iṣẹ́ lọ sí àká, kí nọ́ńbà Memory lè wálẹ̀ lójú yín. Bí ẹ bá wá tẹ ètò kan, ó di dandan kí ó tún kó gbogbo rẹ̀ bọ̀. Oògùn tó ń fún ni ní àìsàn náà gan-an ni wọ́n ń tà. Ìmọ̀ràn pé kí a pa fáìlì tí Windows fi ń ṣe yàrá ẹ̀yìn, èyí tó ń jẹ́ pagefile.sys, kò sàn jù ú lọ: àkólọ-àkóbọ̀ á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àyè iṣẹ́ bá kún, àwọn ètò á kàn máa kú ni, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ kò tíì pamọ́.

Kí tábìlì fẹ̀ sí i ni kí a fi RAM kún un. Oríṣi RAM ló wà: èyí tó ń jẹ́ DDR3 kò wọ ojú ihò DDR4, nítorí pé ibi tí wọ́n gé sí etí àwọn méjèèjì kò dọ́gba, nítorí náà ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀ wò kí ẹ tó ra òmíràn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ náà tí ẹ sì ti yọ iná kúrò lára rẹ̀. Windows oníbíìtì 32 kò lè lò ju gígábáìtì 4 lọ, iye yòówù tí ẹ bá kì sí i. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi dísíìkì SSD rọ́pò èyí tó ń yí. Kò ní mú àkólọ-àkóbọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, ìrìn tó ń gba ìlọ́po 100,000 á sì wálẹ̀ sí bí ìlọ́po 1,000, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá ju gígábáìtì 2 lọ, tó sì ṣì wà lórí Windows 10 tí Microsoft dá àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó sàn kí ó gbé irú Linux kan tó fúyẹ́ sí i dípò Windows, lẹ́yìn tí ó bá ti kó fáìlì rẹ̀ jáde.